Ọjọ́ tí Wọ́n Yẹ Ọpọlọ Mi Wò ní Ìkàrẹ́

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé, èmi tí mò ń gbàgbé gbogbo nǹkan, ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi mú mi láti Ọ̀kà lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́ kí wọ́n lè yẹ ọpọlọ mi wò. Abẹ́rẹ́ ni mò ń retí. Ìbéèrè ni mo bá. Dókítà ní kí n fi ọ̀rọ̀ márùn-ún sọ́kàn, kí n ya aago, kí n dárúkọ ẹranko. Mo dárúkọ ogún, mo ní ọwọ́ lásán ni mo fi pa gbogbo wọn.

“Bàbá, àti erin?”

“Erin ló kọ́kọ́ kú.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó nàka sí ọmọ mi. “Ta nìyí?”

“Ìyá mi ni.”

Kíá ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹ̀yìn ikú ìyá wọn ni wọ́n bí mi, bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn.”

“Ó dáa. Bàbá, kí lorúkọ rẹ̀ gan-an?”

Mo la ẹnu. Orúkọ tí èmi fúnra mi sọ ọ́, n kò rí i. Ọmọ mi ń wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Kí a tó padà dé Ọ̀kà, mo rántí ọ̀rọ̀ márààrún: iyọ̀, àga, òjò, bàtà, òkúta. Orúkọ náà kò wá.

Mojísọ́lá ni. Òun ló kọ ọ́ sókè ìwé yìí fún mi, kí n lè máa wò ó.