Ẹ́ńjìnnì Méjì, Pálọ̀ Kan

"Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì," ni ìyàwó mi wí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa ní Peckham, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, kò sì ríbi gbé e kà, nítorí irin àti nọ́ọ̀tì ti gba tábìlì oúnjẹ tán. "Ẹ́ńjìnnì kan ni mo lè bá gbé. Ìkejì gbọ́dọ̀ jáde kí summer tó parí. Mi ò fẹ́ explanation kankan."

Ẹjọ́ náà tọ́. Èmi náà mọ̀ pé ó tọ́, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà jẹun. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń rọra wa bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́, tí àwọn èrò ọkọ̀ sì ń ṣépè fún un pé ó ń fà, ẹ má bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ fò lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, dúdú, olóríkunkun, tó fi ọdún kan jù mí lọ. Pápá ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọn ò lò mọ́ wà lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ni àwa tí orí wa kò pé máa ń kó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọn á sáré ìdámẹ́rin máìlì lọ gbọnrangandan, ó parí. Kí èèyàn tó ka Oore-ọ̀fẹ́ tán, ọ̀kan ti borí.

Ẹ́ńjìnnì tó bá mọ́tò náà wá láti Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ràn. Písítìnnì mẹ́jọ ló ní, kábúrétọ̀ rẹ̀ sì tóbi débi pé a gé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹnu rẹ̀ lè yọ síta máa mu atẹ́gùn. Bí mo bá ṣí i, gíláàsì fèrèsé àwọn aládùúgbò á máa gbọ̀n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé eré sísá máa ń tán an lókun, ó sì di dandan ká tú u palẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wa lórí ilẹ̀ North Peckham àtijọ́ kò ní gáráàjì. Pálọ̀ la ti ń tú u.

Ìkejì kéré. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní Forest Hill ló ti wá, písítìnnì mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n ó ní tọ́bò, ìyẹn fáànù kékeré kan tí èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń yí, tí òun náà á sì máa fi agbára ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn bẹntiróòlù fún un, kò sì sí pé à ń tú u. Ẹni tó gbé e wá pé kí n fi rọ́pò tèmi ni ọ̀rẹ́ mi, Alhaji kan tó ń tún mọ́tò ṣe lábẹ́ afárá rélùwéè ní Bermondsey. Ó dàgbà jù mí lọ, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi tó ń bíni nínú.

"Alhaji," mo ní, "kí tọ́bò yín tó jí lójú oorun, ẹ́ńjìnnì tèmi á ti dé Old Kent Road, á ti padà."

"Ṣebí bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ?" Alhaji rẹ́rìn-ín. "Irin tí o kó síwájú mọ́tò yẹn ti wúwo jù. Táyà ẹ̀yìn ò ní grip. O kàn ń pariwo ni, o ò sáré."

Bí a ṣe ṣàdéhùn nìyẹn. Mọ́tò kan, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní Sátidé tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò sáré. Èyí tó bá yá jù ló jókòó. Èyí tí kò bá lè dé òpin pápá lọ́jọ́ rẹ̀ ti kúrò nílé nìyẹn, kò sí àwáwí. Alhaji kọ ọ́ sílẹ̀, ìyàwó mi sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí.

Ní Sátidé ẹ́ńjìnnì kékeré, mo gbé àpò ìrẹsì kan pamọ́ sínú búùtù kí mọ́tò lè wúwo. Mo jẹ́wọ́. Alhaji ṣí búùtù láti mú sípánà, ó rí ìrẹsì, ó wò mí. Ó gbé e jáde, ó jókòó lé e lórí, ó sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá ni ẹ́ńjìnnì kékeré fi parí eré, ó lé díẹ̀. Mo mọ̀ pé tèmi á nà án.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé tèmi, ìyá ìyàwó mi ní àwọn fẹ́ bá wa lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Àgbà ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, wọn kò sì dá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò mi rí.

"Eré kíkan kíkan báyìí, ó yẹ ká gbàdúrà sí i, ọkọ mi," wọ́n ní.

Inú mi dùn débi pé mo fọ mọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a dé pápá ní Sátidé, Màmá wọ sùtánà wọn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì gun orí ọ̀dà tó ti móoru. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá ní kí wọ́n má tan àbẹ́là nítòsí bẹntiróòlù, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ìgò omi àdúrà wọn, èyí tí wọ́n da lọ́fínńdà sí. Wọ́n yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń wọ́n omi sí táyà, wọ́n ń kọrin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé ìgò sókè, wọ́n sì da gbogbo èyí tó kù sínú ẹnu kábúrétọ̀.

Mo rí i. Mo la ẹnu, mo sì tún pa á dé. Ta ló ń pariwo mọ́ ìyá ìyàwó ẹni láàárín àdúrà?

Ẹ́ńjìnnì náà wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí arúgbó, ó tú èéfín funfun, ó kú. Mo tún ṣí i, ó tún kú. Alhaji tú kábúrétọ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn ìka náà. Ó wo Màmá, tí wọ́n ti jókòó lórí àga, tí wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó wá wo èmi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti gbó ni, Alhaji."

"Ó ti gbó, àbí? Ó tún wá ń lo lọ́fínńdà."

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó fún mi ní Sátidé mìíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. A nù ún, a fẹ́ ẹ, a gbé e sóòrùn, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ti pápá. Kò sáré ẹ̀ẹ̀kan.

Ọkùnrin kan fi ọkọ̀ akẹ́rù wá gbé e láàárọ̀ Wẹ́sidé. Mo ní kó rọra. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní purọ́, ọjọ́ náà ni mo sì gbàgbé láti dúró ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀bù méjì.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo ń múra ibi iṣẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ní pálọ̀. Màmá ló kúnlẹ̀ sí igun ibi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fọ kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí i. Mo dúró títí wọ́n fi parí, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Mo wá rọra sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ABD.

"Màmá, ẹ ṣeun àdúrà ọjọ́sí. Àmọ́ nígbà mìíràn, ẹ má da omi síbi tó lanu yẹn. Omi kì í gba ibẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ọkọ mi, lọ́rì ni bàbá ìyàwó rẹ wà láti Ìbàdàn dé Kánò fún ọdún méjìlélógún. Ta lo rò pé ó ń fọ kábúrétọ̀ fún wọn?"

Wọ́n rọra dìde, wọ́n sì gbọn orúnkún sùtánà wọn.

"Igun tí mo ti ń gbàdúrà lo gbé ẹ́ńjìnnì sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ washing machine."

Wọ́n lọ gbé omi tíì kaná. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi. Ọdún mẹ́ta, inú ilé kan náà, mi ò béèrè ibi tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí rí.