Iṣu Mẹ́ta fún Ilé Adéoyè

Ọdún mọ́kànlá ni Jayéọlá Ọ̀ṣunníyì fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìjọba nílé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́yìn Ayétòrò, kí ẹ̀kọ́ ìtàn tó padà wọ ilé ẹ̀kọ́, tí ọ̀gá àgbà sì ní kó bọ́ sídìí rẹ̀. Ìwé kò tó. Ó bá sọ àwọn àgbàlagbà àdúgbò di ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ọ̀kan nínú wọn á wá jókòó síwájú kíláàsì, á sọ ohun tó mọ̀, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì bi í léèrè. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lójú pátákó nígbà gbogbo: Ta ló sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀? Kí ló máa rí gbà bí a bá gbà á gbọ́?

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, Jayéọlá mú dọ́sítà, ó fẹ́ pa ìbéèrè kẹta rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò balẹ̀. Bàbá Kọ́mọláfẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ló ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀.

Láti ọdún tó kọjá ni oyè baálẹ̀ ti ṣófo ní abúlé wọn, Ìgbó-Agbọ̀n. Ilé Ọ̀ṣunníyì ń jà sí i, ilé Adéoyè ń jà sí i. Ilé tó bá kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ló ni ín. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ ẹlòmíì kò lè jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oyè yóò gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ìlaró, Bàbá sì ti sọ ohun tó fẹ́: kí àwọn ọmọ kọ ìtàn òun, kí Jayéọlá fọwọ́ sí i, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lé e.

"Ìwé tí tíṣà ìtàn bá fọwọ́ sí," ni Bàbá wí, "ta ló fẹ́ bá a jiyàn?"

Bàbá mọ ìtàn sọ. "Kí rélùwéè tó dé Ìdogo," ló fi bẹ̀rẹ̀ níwájú kíláàsì, "ni bàbá bàbá mi ti fi àdá kan la igbó yẹn."

Caleb, aláwàdà kíláàsì, nawọ́. "Bàbá, àdá kan ṣoṣo, sà?"

"Àdá kan ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi fóònù méjì ṣe iṣẹ́ tí ò sí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ara Jayéọlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Inú Bàbá dùn sí ẹ̀rín náà, ó bá tẹ̀ síwájú.

"A ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ọ̀rẹ́ ni àwa àti ilé Adéoyè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi gan-an ni mo máa ń ru iṣu tuntun mẹ́ta lọ fún wọn lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni nílé wa tó fi ẹnu kan iṣu."

Jayéọlá kò gbọ́ èyí rí. Ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Rọ́fíàt, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nawọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ilé Adéoyè náà ńkọ́, sà? Ṣé wọ́n máa ń gbé iṣu tiwọn wá fún yín?"

"Tiwọn báwo?"

"Ilé tiwa náà máa ń gbé e lọ fún ẹni tó ni ilẹ̀ tá à ń dáko sí. Bàbá mi ní onílẹ̀ kì í gbé tiẹ̀ wá."

Kò sí àrífín kankan nínú ohùn rẹ̀. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan kọjá lójú títì, fèrèsé gbọ̀n.

Bàbá yíjú. "Jayé, ọmọ ta nìyẹn? Ta ló rán an?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, sà," ni Rọ́fíàt wí.

"Sọ fún wọn kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ iṣu yẹn rẹ́."

Ọmọ méjìdínlógójì gbé bíró dúró, wọ́n ń wo tíṣà wọn. Bàbá yìí ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀.

"Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́," ni Jayéọlá wí. "Ẹ kọ ohun tí Bàbá sọ. Ẹ kọ ìbéèrè Rọ́fíàt. Tí Bàbá bá dáhùn, ẹ kọ ọ́. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ bẹ́ẹ̀."

"Iṣu tí mo fi orí ara mi rù lo fẹ́ fi gbé mi ṣubú?"

"Bàbá, ó lè jẹ́ ti ọ̀rẹ́ lóòótọ́. Iṣu nìkan kò lè parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn àgbà tó kù."

"Ìwé mi ńkọ́?"

"Mo máa fọwọ́ sí i, sà. Pẹ̀lú iṣu nínú ẹ̀."

Bàbá dìde. "Ọmọ tí mo tọ́," ló wí, kò sì parí rẹ̀. Ó jáde láìgba ìwé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ méjì ni ẹbí kún lọ sí Ìlaró. Ẹnikẹ́ni kò pe Jayéọlá. Ìgbìmọ̀ gbọ́ ti ọ̀tún, wọ́n gbọ́ ti òsì, wọ́n ní àwọn yóò ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé Bàbá. Màmá Adéjọkẹ́, ìyàwó Bàbá, yọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Jayé mi, Bàbá ẹ ní òun ò sí nílé."

Bàbá wúkọ́ nínú yàrá.

"Ẹ bá mi kí wọn, Màmá," ni Jayéọlá wí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, bóyá ẹnìkan á ní kó dìde.