Àpótí Ìyá Kékeré

Aránṣọ ni Ìyá Kékeré. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an ni mo ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tí n kì í gbọ́. Èyí tí kò bá fẹ́ sọ lónìí, màá gbọ́ ọ tó bá dọ̀la. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti kékeré, nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, tí òun tó jẹ́ àkọ́bí wá di ẹni tó ń wẹ̀ fún wọn, tó ń fọ aṣọ wọn, tó sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá ṣìwà hù. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún báyìí. Kò relé ọkọ, kò bímọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kì í pè é ní ìyá.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn obìnrin yìí, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ọrọ̀. Yàrá ni. Kò dá sùn nínú yàrá rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéré, òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ ló ń há ara wọn mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì kan. Nígbà tí oníkálukú gbéyàwó tàbí relé ọkọ, ó ku òun àti ìyá wọn, ó sì ń tẹ́ ẹní sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kó lè tètè gbọ́ bí màmá bá wúkọ́. Ìyá kú. Kí ó tó palẹ̀ yàrá mọ́ tán, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó ń kàwé nítòsí ti kó ẹrù dé. Ó máa ń sọ fún mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí n wọlé, kí n má bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀." Màá ní kó wá mú yàrá tèmi, nítorí èmi ń wá ẹni tí mo máa bá jà.

Lọ́jọ́ kan ni Àbúrò wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ni mo máa pè é, nítorí bí Ìyá Kékeré ṣe ń pè é nìyẹn: èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, tó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó máa ń sọ̀rọ̀ tútù títí tí wàá fi rí i pé o ti gbà. Ó ní àsìkò ìsinmi ti tó, òun àti ìyàwó òun àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, irú ọkọ̀ tó ga bí ilé alájà púpọ̀, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń jó nínú rẹ̀ títí tí yóò fi yí òkun ká padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ń bá wa lọ," ni Àbúrò wí. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ ó ní yàrá tiyín. Ẹ ó sùn, ẹ ó jí, kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu."

Mo jókòó síbẹ̀, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Yàrá tiyín ló wí.

Ìyá Kékeré ra àpótí onítáyà, àkọ́rà rẹ̀ láyé. Ó rán aṣọ mẹ́ta fún ara rẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá tí kò rán nǹkan kan sọ́rùn ara rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹ̀kẹrin hàn mí. Aṣọ àwọ̀sùn ni, kò lápá, ó fẹ́lẹ́, ọrùn rẹ̀ sì jìn. Mo wo aṣọ, mo wo òun. Mo bi í pé níbo ló fẹ́ wọ irú èyí dé.

"Inú yàrá mi," ló wí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jọ pé ó fẹ́ mọ bó ṣe ń dún ni.

Ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀, awakọ̀ Àbúrò ló kó gbogbo wọn dé èbúté. Gbọ̀ngàn ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó tutù, ariwo táyà àpótí gba ilẹ̀ kan. Ní ẹnu ọ̀nà, àwọn alábàárù dúró ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Bí ètò ibẹ̀ ṣe rí ni pé wàá fa àpótí ńlá rẹ lé alábàárù lọ́wọ́, ó dìgbóṣe, o ò ní fojú kàn án mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí wọ́n bá gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ. Ohunkóhun tí o bá máa lò lọ́sàn-án, àpò ọwọ́ ni kó wà.

Ìyàwó Àbúrò mọ gbogbo èyí. Obìnrin tó mọ ètò ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí wọ́n tún ẹrù tò kí wọ́n tó kó o sílẹ̀, nítorí àpótí àwọn ọmọ ti kún jù. Kí Ìyá Kékeré tó la ẹnu, Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí rẹ̀, ó ti fa síìpù, ó ti ṣí i gbayawu lójú gbogbo èrò.

"Ìyá Kékeré, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló ń wí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró. "Àyè pọ̀ nínú tiyín. Ẹ jẹ́ ká kó pámpásì síbí. Àti bàtà àwọn ọmọ. Èyí ń kọ́, mà?"

Aṣọ àwọ̀sùn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ẹ̀rín ẹni tí kò lérò pé ó kan ẹnikẹ́ni ni. Ó ká a pọ̀ mọ́ méjì nínú aṣọ mẹ́ta tó kù, ó kó wọn fún awakọ̀ pé kó gbé wọn padà sílé. Ó ní ẹ̀yin àgbà, ẹ ò kúkú nílò aṣọ púpọ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ èyí, inú sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó ń fi orúnkún bọ̀wọ̀ fún ọ ló tún ń fi ọwọ́ tú ẹrù rẹ, kí lo fẹ́ sọ sí i?

Alábàárù kan, bàbá arẹ́rìn-ín kan báyìí, fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Ó ń lẹ bébà tó ní nọ́ńbà yàrá mọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan.

"Àpótí màmá ń kọ́?" ló bi wọ́n. "Yàrá èwo?"

"Ẹ fi sí ti àwọn ọmọ, sà," ni Ìyàwó dáhùn. "Yàrá kan náà ni wọ́n wà."

Bí Ìyá Kékeré ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sẹ́ni tó bá a jókòó. Ó yíjú sí Àbúrò.

"Àbúrò mi, o sọ pé mo ní yàrá tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá ti tán nínú ọkọ̀," ló wí, ó sọ ọ́ tútù bó ṣe máa ń sọ ọ́. "Wọn ò sì gbà kí àwọn ọmọdé dá sùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Àgbà kì í wà lọ́jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi àgbà ọ̀hún léèrè pé kí ni òun fúnra rẹ̀ wá rà.

Ó fẹ́ padà sílé. Ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun ti yí sọ́nà ilé. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú àpò Ìyàwó pẹ̀lú ti gbogbo wọn, awakọ̀ ti lọ, alábàárù ti ti kẹ̀kẹ́ gba abẹ́ aṣọ rọ́bà kan kọjá, àpótí rẹ̀ ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Ọmọ àárín sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ìyá Kékeré, èmi ni mo máa sùn tì yín o." Kí ni ọmọ yẹn ṣe? Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Ìyàwó gbé àpò ọwọ́ kan kọ́ ọ léjìká: oògùn ibà, omi, aṣọ ìwẹ̀ mẹ́ta, bísíkíìtì. Ó wúwo ju àpótí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Yàrá wọn wà nísàlẹ̀, kò ní fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì méjì gun orí ara wọn, wọ́n tún ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kékeré, mọ́ ẹnu ilé ìwẹ̀, tó fi jẹ́ pé o ní láti yẹ̀gbẹ́ kí o tó kọjá. Tí èèyàn mẹ́rin bá mí síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á tán. Ti Àbúrò àti ìyàwó rẹ̀ wà lókè, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkun. Tọkọtìyàwó náà ní àwọn fẹ́ yára lọ jẹun, wọ́n sì lọ. Ìyá Kékeré pààrọ̀ pámpásì, ó la ìjà, ó fi àkìsà nu omi tí èyí tó dàgbà jù dà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ ń kan pákó ti òkè, ó ń retí àpótí rẹ̀.

Àpótí àwọn ọmọ dé, tirẹ̀ ò dé. Ìgbà tó yá, fóònù ara ògiri dún. Ohùn ọmọbìnrin kan sọ pé wọ́n ti dá àpótí rẹ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹni tó ni ín wá, òun nìkan. Ó rò pé wọ́n fẹ́ tì í mọ́lé. Ó pe Ìyàwó lórí fóònù pé kó wá dúró ti àwọn ọmọ. Ìyàwó dé, ojú rẹ̀ ò dùn.

"Ẹ má pẹ́ o, mà."

Yàrá kékeré kan ni, ó funfun, ó mọ́. Pẹpẹ ló yí i ká, lórí wọn ni ẹrù òfin tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ èrò: ìgò ọtí, àbẹ́là, ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se omi. Àga kan ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun kan, tí oorun hàn lójú rẹ̀, ṣí àpótí, ó kó pámpásì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú tówẹ́ẹ̀lì kan, ó sì fa áyọ́ọ̀nù yọ.

"Màmá, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù wọ ọkọ̀."

"Aránṣọ ni mí," ni Ìyá Kékeré wí. "Mi ò lè wọ aṣọ tó rún." Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọn kì í gbé e wọ ọkọ̀. Èmi náà ì bá sọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀.

"Iná là ń bẹ̀rù, mà. Bí iná bá sọ láàrin òkun, kò síbi tí èèyàn máa sá sí. A ó bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀. Ó tán, mà. Ẹ lè máa lọ."

Ìyá Kékeré ò dìde. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo pámpásì tó kún ilẹ̀.

"Ọmọ-ọmọ yín ni?"

"Ọmọ àbúrò mi."

"Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú wọn?"

"Èmi ni."

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn gbọ̀n. Ọmọbìnrin náà ní ọkọ̀ ti gbéra. Ìyá Kékeré sọ fún mi pé ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú òun. Ó ní kì í ṣe Àbúrò lòun ń bínú sí, ara òun ni, nítorí gbogbo ìgbà tó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ lòun fi ẹ̀rín bò ó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọbìnrin náà ń to pámpásì padà díẹ̀díẹ̀, ó jọ pé kò fẹ́ kó tètè tán.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àbúrò ni, ọmọ àbíkẹ́yìn wà lápá rẹ̀, ó ń ké tọwọ́tẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ló ń wá. Ìyàwó ti fara ya. Ṣé wọn ò tí ì dá yín lóhùn ni?"

Ìyá Kékeré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Wọ́n ti dá mi dúró, àbúrò mi."

"Nítorí kí ni?"

Ọmọbìnrin aláṣọ funfun gbé ojú sókè, ó wo Ìyá Kékeré pẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló kọjú sí Àbúrò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀rọ̀ iná ni. A ò tí ì parí pẹ̀lú wọn."

"Ó máa pẹ́ tó ìgbà wo?"

"Mi ò lè sọ, sà."

Ọmọ tún figbe ta. Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Kí ni kí n ṣe fún un báyìí?"

"Gbé e," ni Ìyá Kékeré wí. "Gbé e mọ́ra, kí o máa rìn káàkiri pẹ̀lú ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe fún ìwọ náà nìyẹn."

Àbúrò gbé ọmọ mọ́ra, ó yípadà, wọ́n ń gbọ́ igbe ọmọ náà títí tó fi gba àtẹ̀gùn lọ. Ọmọbìnrin náà kó àwọn bébà rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yẹ àwọn yàrá yòókù wò, yóò gba òun lákòókò. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Màmá, ṣé kí n ṣí i sílẹ̀, àbí kí n tì í?"

"Tì í," ni Ìyá Kékeré wí.

Ó jáde, ó sì tì í.