Oyèbísí Kúnlẹ̀ ní Utako

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ti tó ilé-ìwé lọ ní Gwarinpa, á jẹ́ pé ẹ mọ Oyèbísí. Àwọn ìyá ọmọ ń pè é ní Àǹtí Síẹ́nà, torí Síẹ́nà aláwọ̀ ewé tó fi ń kó ọmọ mẹ́jọ lọ sílé-ìwé láràárọ̀. Ọmọ Ìkìrun ni. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé kì í fọn fèrè. Tó bá ti dé ẹnu géètì, á ní, "Tèmi, bàtà ọ̀tún lo wọ̀ sẹ́sẹ̀ òsì o," gbogbo àdúgbò á sì wo bàtà ara wọn. Àwọn ọmọ tí kì í sọ Yorùbá nílé, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ìyá Tèmi ń dáná jẹ́jẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ bá kí i pé "ẹ kú ìdúró", ló bá rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ilé-ìwé wọlé, Oyèbísí àti Lateefah, àbúrò rẹ̀, lọ ra tòmátì ní ọjà Utako. Wọ́n ti páàkì, wọn ò tíì bọ́ sílẹ̀, ni jíìpù kan bá ń fẹ̀yìn rìn bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, Oyèbísí pariwo títí, gbàgà! Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, èyí tí àwọn ọmọ máa ń wọ́ sẹ́yìn kí wọ́n tó wọlé, wó sínú. Wọ́n fà á, fà á, kò ṣí.

Oyèbísí bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ó ti to èébú sẹ́nu, ti Pijin lápá kan, ti Hausa lápá kejì. Ìgbà tí onítọ̀hún máa yọ jáde, bàbá onírun funfun ni, ó ní, "Yéè, ọmọ mi, ṣé o ò fara pa?" Orúnkún Oyèbísí ò dúró gbàṣẹ, ó ti wà lórí ọ̀dà.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín, sà?"

Ẹni tí wọ́n kọ lù ló ń bẹ ẹni tó kọ lù ú. Lateefah sì ń ya gbogbo ẹ̀ sínú fóònù.

Hezekiah ni wọ́n ń pe bàbá náà, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìjọba kan ní Garki. Ó ní kí Oyèbísí má dààmú, òun ní inṣọ́ránsì. Oyèbísí náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti kékeré yẹn ni, tọ́ọ̀dì páátì, ó sì máa ń rò pé nítorí àtifi han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà nìkan ni wọ́n ṣe ń rà á. Bàbá wá là á yé e pé ti kékeré náà lòun ní. Kì í tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe, ọkọ̀ ẹni tó bá kọ lù ló ń tún ṣe. Òun lòun kọ lù ú, torí náà inṣọ́ránsì òun ló máa tún Síẹ́nà ṣe. Wọ́n gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, àwọn méjèèjì kọ fọ́ọ̀mù, Lateefah fi fọ́tò ránṣẹ́. Oyèbísí sùn, ó hanrun.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ilé-ìwé wọlé, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì bàbá ní àwọn ò ní san nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Tèmi náà pè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ọkọ òun ò fẹ́ kí ọmọ máa gun orí àga iwájú kó tó dé ẹ̀yìn, bóyá káwọn wá ọkọ̀ mìíràn. Oyèbísí mọ̀ pé tí ìyá kan bá lọ, àwọn méje yòókù á tẹ̀ lé e.

Ó gba ọ́fíìsì wọn lọ ní Garki. Tony, òṣìṣẹ́ wọn kan, ló bá nídìí tábìlì. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí fọ́ọ̀mù bàbá síwájú rẹ̀. Wọ́n bi bàbá pé kí ni awakọ̀ kejì ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbá ara wọn. Bàbá fi ọwọ́ tó rẹwà kọ ọ́ pé: ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀ mí. Fọ́tò sì wà nínú fóònù Tony, Oyèbísí lórí ìkúnlẹ̀. Tony bi í pé ẹni tí kò bá jẹ̀bi, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún? Oyèbísí ṣàlàyé títí, Tony sáà ń wo fọ́tò.

Ni Oyèbísí bá pe bàbá. Kò pẹ́, bàbá wọlé tòun ti fìlà. Bí Oyèbísí ṣe rí i báyìí, wọ̀ọ́, ó tún ti kúnlẹ̀.

Tony gbójú sókè. "Kí lẹ tún ṣe fún un báyìí, madam?"

"Mo kàn kí wọn ni."

Bàbá gba fọ́ọ̀mù, ó kà á, ó fọwọ́ borí. "Ọmọ mi, mo fi yìn ín ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni mo kọ lù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀bi ni kíkúnlẹ̀, gbogbo ọmọ tí mo bí ì bá ti wà lẹ́wọ̀n Kuje."

Tony rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ìwé lòun ń wò, òun kì í wo ẹ̀rín. Oyèbísí bá nawọ́ sí fọ́tò kan náà. "Ẹ yé wo orúnkún mi, ẹ wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ ló wó, ìdí jíìpù ló wà nínú ẹ̀. Ṣé Síẹ́nà máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn ni?"

Tony wò ó. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó tún wò ó. Ó fún bàbá ní ìwé tuntun, bàbá sì kọ ọ́ pé òun lòun fẹ̀yìn rìn láìwo apá ọ̀tún, ó fọwọ́ sí i. Tony wá sọ fún Oyèbísí pé nígbà mìíràn, kó béèrè àlàáfíà èèyàn, kó má bẹ ẹnikẹ́ni. Oyèbísí ní òun ti gbọ́, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n rán ẹni tó wá yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n sì fọwọ́ sí iṣẹ́ ọ̀hún. Sùlàímọ́nù, ará Ọ̀yọ́ tó ń lu ara ọkọ̀ ní Dei-Dei, fi Sátidé àti Sọ́ńdè lù ú. Kò ráyè kun ún, nítorí náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ojú ibẹ̀ ṣì funfun bí ètè ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu mílíìkì tán. Ṣùgbọ́n ìka kan lèèyàn fi ń wọ́ ọ, ṣìììì, ó ti ṣí. Àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fẹ́ẹ̀ jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣí i, wọ́n sì pẹ́ dé ilé-ìwé.