Aago Tó Ń Sọ Màlúù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì mọ aago kà, mo ti mọ ìró aago kan dáadáa. Bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní tonton ní abúlé wa, nítòsí Bétérou, ló ṣe é. Wọ́n kọ́ṣẹ́ aago ní Parakou, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà lágbègbè wa. Wọ́n fi ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ṣe aago ńlá fún mọ́sáláṣí. Aago náà máa ń falẹ̀ ju oòrùn lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín lójú wọn.

Èyí tí mo ń sọ yìí yàtọ̀. Màlúù ń wọ oko iṣu, ó ń jẹ oúnjẹ ọdún wa. Ni tonton bá na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn igi kajú lẹ́yìn abúlé, wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ aago tó máa ń jí èèyàn lójú oorun. Bí màlúù bá fẹsẹ̀ kọ okùn, aago á dún. Ìyàwó wọn ní, "Aago ẹlòmíràn ń sọ àkókò, ti bàbá yìí ń sọ màlúù." Síbẹ̀, bó bá ti dún, gbogbo wa á gbé ọ̀pá, a ó sáré lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó.

Tonton kú, a kò tú okùn náà. Nígbà tí mo lọ́kọ ní abúlé kan náà, ọkọ mi ló ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá já.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, aago dún ní ìdájí. Ọkọ mi nawọ́ mú ọ̀pá. Mo ní, "N kò gbọ́ igbe màlúù kankan o."

Ó ní, "Màlúù náà ni. Dúró ti àwọn ọmọ."

Àwọn aládùúgbò náà gbé ọ̀pá tẹ̀ lé e, bí a ti ń ṣe láti ìgbà tonton. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìbọn. Mo kó àwọn ọmọ gba òdìkejì abúlé sá lọ. N kò mọ àwọn tó wá, n kò sì ní dárúkọ ẹni tí n kò rí. Ọkọ mi kò padà wá.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi la wà báyìí, ní Tchaourou. Fóònù á dún, mo ti dìde. Bí alùpùpù bá rọra kọjá, màá tẹ́tí sí i títí yóò fi lọ tán. Mo ra aago mìíràn, mo na okùn sẹ́yìn ilé. Àbúrò mi ní kí n tú u, pé ewúrẹ́ lásán ló ń fà á. N kò tíì tú u.

Nígbà èwe wa, ibi tí aago ti ń dún là ń sáré lọ. Àwọn ọmọ tèmi, mo ti kọ́ wọn pé kí wọ́n sáré kúrò níbẹ̀.