Òróró Bàbá Pásítọ̀ lórí táyà mi

Àdúrà ló dá mọ́tò mi dúró lónìí.

Mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n fi ń sáré ìje ni mo rà, mo wá ń tún un ṣe kó lè di mọ́tò tí èèyàn ń wà káàkiri ìlú. Ìyàwó mi ti kìlọ̀: "Tí kò bá gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó sì gbé wa bọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ máa tà á ni."

A dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oak Cliff láyọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Pásítọ̀ ní àwọn máa gbàdúrà lé mọ́tò náà lórí. Wọ́n da òróró sórí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tún dà á sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

"Kò ní yọ̀ lójú ọ̀nà!"

"Àmín, sà."

Èmi àti ìyàwó mi wọlé, mo ṣáná sí i, mo tẹ gáàsì. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, táyà ń yí lójú kan, èéfín bo gbogbo wa.

"Dádì Tọ́lá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀, ó bá Bàbá Pásítọ̀ lọ nínú mọ́tò tiwọn. Bàbá ń juwọ́ sí mi pé àdúrà ti gbà.

Mo ṣì wà níbí, mò ń fi áńkáṣíìfù nu táyà. Ẹ jọ̀ọ́, nínú yín, ta ló lè sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má da òróró síbẹ̀?