Pèrègún Inú Ìkòkò

Ìkòkò òdòdó méjì péré ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé Màmá Tíṣà ní Emùré, tí ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ mi ní yunifásítì, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé ohun mẹ́ta ló ń mú ìkòkò wu ojú: ọ̀kan á nàró láàárín, ọ̀kan á yí i ká, ọ̀kan á rọ̀ sílẹ̀ létí. Títí dòní ni mo ṣì ń ṣe kàyéfì bí ewé ṣe ń pa ara wọn dà. Ọ̀dúndún tó sanra, tó tutù, kì í hàn dáadáa àfi tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé tó le.

Nítorí náà, mo fi pèrègún sáàárín fún ìdúró rẹ̀ àti ìlà ìyeyè ara ewé rẹ̀. Mo fi ọ̀dúndún yí i ká, mo sì jẹ́ kí ìtàkùn ọ̀dùnkún rọ̀ sílẹ̀.

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Olódòdó, ṣé kí n máa wa ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni?"

"Ewé rẹ̀ ni mo fẹ́, Mà. Ẹ má sè é."

Bàbá Dáre, aládùúgbò rẹ̀, tó ń lọ sóko, dúró tòun ti àdá.

"Ta ló rán ọ kí o wá pín ulẹ̀ mi?"

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Mo mọ̀ pé pèrègún là ń gbìn sí ààlà ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tí í fà á tu. Àwọn méjèèjì ti ṣẹjọ́ ilẹ̀ yẹn pẹ́. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí ara wọn. Ẹwà igi náà nìkan ni mo wò, n kò wo ibi tí mo gbé e sí.

Mo gbé ìkòkò kan sókè. "Bàbá, ẹ wo ìdí rẹ̀. Kò ta gbòǹgbò sílẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Tí mo bá kú ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ò ní rí ìkòkò o, pèrègún ni wọ́n máa rí."

Màmá Tíṣà ní, "Ẹ yọ ọ́."

Mo yọ pèrègún méjèèjì lójú Bàbá Dáre. Àárín ìkòkò wá ṣófo. Mo bi í pé, "Bàbá, kí ni kí n wá fi síbẹ̀?"

Ó ronú, ó wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ, ó sì gbé ọmọ ọ̀pẹ òyìnbó méjì jáde.

"Èyí ń gúnni, ṣùgbọ́n kì í ṣẹjọ́."

Mo gbìn wọ́n. Ewé ṣóńṣó-ṣóńṣó yẹn mú ọ̀dúndún tàn ju bí pèrègún ṣe mú un tàn lọ. Bàbá Dáre fà sẹ́yìn, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò ó.

"Sún èyí sọ́dọ̀ mi díẹ̀," ló wí, "kó bá èkejì dọ́gba."

Mo sún un. Ìkòkò náà ti wọ ilẹ̀ Bàbá Dáre. Màmá Tíṣà wò mí. Èmi ń tún ewé tò.